Ta Ló Wà Nídìí Súìṣì?

Kí Mbarka tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà: bóyá wọ́n ń gún ata, bóyá àwọn ọmọdé ń sáré lókè, bóyá ilé dákẹ́. Láti kékeré, tí èéyi ti gba etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi ọwọ́ gbọ́ ayé.

A jọ dàgbà ni. Èmi náà kì í gbọ́rọ̀. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ adití kan náà la lọ ní Gabès. Èmi dúró síbẹ̀ di olùkọ́, òun padà sílé lọ máa rán aṣọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo padà sí ìlú wa kékeré tó wà létí wádì, odò tí kì í lómi láti ọdún dé ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ń gbọ́rọ̀, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ó sì ní iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀ fún un. Òun ló ń tọ́jú iná ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa.

Nínú gbọ̀ngàn adití, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ariwo pe èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ á wá bá Mbarka, Mbarka á sì tẹ súìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Iná á kú, á tàn, á kú, á tàn. Gbogbo ọwọ́ á wálẹ̀, gbogbo ojú á lọ sórí pèpéle. Mo ti rí tọkọtaya tí wọ́n ń bú ara wọn, tí iná ṣẹ́jú, tí àwọn méjèèjì ká ọwọ́ sórí itan bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń dúró. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ alága ni wọ́n tó padà sórí èébú wọn.

Mbarka kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan súìṣì náà. Ìgbà kan wà tí ọkùnrin kan tẹ̀ ẹ́ fún eré níbi ìgbéyàwó. Mbarka di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀rín fi kúrò lójú rẹ̀.

"Bí o bá pè wọ́n lásán lónìí," ó sọ fún un, "ta ni yóò wòkè tí mo bá pè wọ́n lọ́la?"

Nítorí náà ni orúkọ tí a fi ń pè é lọ́wọ́ fi jẹ́ ìkúùkù tó ṣí tó sì padé. Iná. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé ó ń jẹ́ Mbarka pọ̀.

Wided, ọmọ rẹ̀, di nọ́ọ̀sì ní Gabès. Ó fẹ́ Hatem, tó ń wa ọkọ̀ akérò láti ìlú wa lọ sí Sfax. Wọ́n bí Sirin. Nígbà tí Wided padà sẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ Mbarka ni ọmọ náà wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí wàhálà níbẹ̀ nígbà tí Sirin wà ní jòjòló. Mbarka á fi aṣọ gbá a mọ́ àyà, á sì máa rán aṣọ lọ. Bí ọmọ bá sunkún, egungun àyà ló fi ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í gbé lórí àyà títí. Sirin bẹ̀rẹ̀ sí í rákò. Ó ń sùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Hatem ti ìrìn àjò dé, ó bá ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, ojú rẹ̀ pupa, ohùn rẹ̀ ti há. Mbarka wà ní àgbàlá, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń fọ irun àgùntàn nínú bàsíà. Hatem gbé ọmọ náà, ó sì lọ dúró síwájú ìyá ìyàwó rẹ̀ títí ó fi gbójú sókè. Kò sọ nǹkan kan. Mbarka sọ fún mi pé ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń jẹ kuskus. Hatem nu ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ èdè ọwọ́ wa díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ máa ń kólòlò.

"Mama, ìyá mi ní Sfax, etí wọn dá ṣáká."

"Mo mọ̀," ni Mbarka fèsì. "Kódà wọ́n ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ."

Wided rẹ́rìn-ín. Hatem kò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò bá yín ṣeré, Mama. Mo fẹ́ gbé Sirin lọ bá wọn."

"Kí ló ṣe é níbí?"

"Kò tíì sí nǹkan tó ṣe é."

Àkókò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ wa gba àwọn ẹ̀rọ kan láti Tunis. Ghassen, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbọ́rọ̀, ló kó wọn wá. Ó ní iná tó ń tàn nígbà tí àlejò bá tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ó ní ohun pẹrẹsẹ kan tó ń gbọ̀n, tí wọ́n ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí kó lè jí èèyàn. Ó fún Mbarka ní àpótí funfun kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, àti ọ̀já dúdú tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́. Gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ. Bí ọmọ bá sunkún, ọ̀já á gbọ̀n.

Hatem yí àpótí náà wò, iwájú, ẹ̀yìn.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wò ó. Tó bá ṣiṣẹ́, Sirin á dúró lọ́dọ̀ yín. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ó ń lọ Sfax kí òtútù tó dé. Ẹ má bínú sí mi, Mama."

"Mi ò bínú. Fi àpótí yẹn sílẹ̀ kó tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ọ̀já náà ṣiṣẹ́. Ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù. Ó ń gbọ̀n fún ẹkún Sirin, ó ń gbọ̀n fún ajá, ó ń gbọ̀n fún alùpùpù, fún obìnrin ilé kejì tó ń gún ata gbígbẹ. Mbarka á sáré wọ yàrá, á bá ọmọ tó ń sùn.

"Mi ò mọ̀ pé ayé ń pariwo tó báyìí," ó sọ fún Wided. "Báwo lẹ ṣe ń rí oorun sùn?"

Ó yá, ó mọ gbígbọ̀n kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ti ajá máa ń já ní kúkúrú kúkúrú. Ti Sirin ń gòkè, ó ń sinmi láti mí, ó tún ń gòkè. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó wá sílé mi, ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni pé mo lè rí ohun tó ti kọjá lára ọ̀já náà.

"Ó gbọ̀n lónìí, kò já. Ó kàn ń lọ bẹ́ẹ̀, jẹ́jẹ́, ó pẹ́."

"Sirin ńkọ́?"

"Ó ń sùn. Mo fọwọ́ kan ògiri. Ògiri ò sọ nǹkan kan."

Ní ọjọ́ kejì a gbọ́ pé omi gba inú wádì kọjá lójú ọ̀sán, omi pupa tí kò ga ju orókún lọ. Àwọn èèyàn ti lọ wò ó, wọ́n sì ti padà sílé wọn. Mbarka bi Ghassen léèrè. Ghassen ní atẹ́gùn ni. Ó fi rọ́dà kékeré kan, bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí, hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà: tí ó bá yí i sísàlẹ̀, àpótí kò ní máa gbọ́ gbogbo nǹkan mọ́. Mbarka kò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

"Etí tí mo ní kò tó," ó ní. "Ẹ wá ní kí n tún dín in kù."

Ọjọ́ àpèjọ wa ọlọ́dọọdún bọ́ sí ìgbà ìwọ́wé, nígbà tí wọ́n ń ká déètì. Gbọ̀ngàn wa jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí ìjọba pa tì, ní ìsàlẹ̀ ìlú pátápátá. Yàrá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ògiri òkúta nípọn láàárín wọn, fèrèsé yàrá náà sì kọjú sí wádì. Lọ́jọ́ yẹn ojú ọ̀run mọ́ lórí wa. Lórí àwọn òkè lápá ìwọ̀ oòrùn ni ìkùukùu wà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sì kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀.

Hatem ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa wá: Mbarka, Sirin, èmi, àti àwọn ọpọ́n ṣáì. Ewúrẹ́ kún ojú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n máa ń jẹko nínú wádì ni, wọ́n ti gòkè wá fúnra wọn, wọ́n dùbúlẹ̀ sójú títì. Hatem tẹ fèrè, tẹ fèrè. Kò sí èyí tó dìde. Ó yíjú sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí ìtọ́kọ̀.

"Mama, ṣé ewúrẹ́ ìlú yín náà ya adití ni?"

"Wọ́n ń gbọ́ jù ẹ́ lọ," ni Mbarka dá a lóhùn.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti dojú àwọn sípíkà ńláńlá bolẹ̀ sórí ilẹ̀ onípákó, kí orin lè gba ẹsẹ̀ wa wọlé. Bí a ṣe ń jó nìyẹn. Iná ìjọba kò lágbára tó fún sípíkà, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà fún orin nìkan. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ láàárín wa ti fi òwú dí etí. Hatem dí tirẹ̀, ó fara ti ògiri nítòsí ilẹ̀kùn. Ghassen náà dí tirẹ̀.

Wọ́n tẹ́ Sirin sínú yàrá ẹ̀yìn, àpótí lórí fèrèsé. Ghassen yí orin sókè pátápátá, ó sì fọwọ́ kan ọ̀já Mbarka. Kò gbọ̀n.

"Ẹ rí i," ó ní. "Ògiri yìí ò jẹ́ kí orin kọjá. Tó bá gbọ̀n lónìí, ọmọ ni."

A jó. Si Tijani, alága wa, tó ń ṣe bàtà, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, jó títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Mo rí Mbarka nídìí súìṣì, bàtà rẹ̀ ti kúrò lẹ́sẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ mu orin. Lójijì ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó padà.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tún lọ. Nígbà tó jáde, Hatem ti kúrò lára ògiri.

"Ó ń sunkún?"

"Rárá. Ó ń sùn."

"Irọ́ ni ọ̀já yẹn tún ń pa, àbí?"

Mbarka fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó dúró bíi pé ó fẹ́ gba àwo lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ kékeré sọ̀rọ̀ ní iwájú ikùn rẹ̀, níbi tí Hatem kò ti lè rí i.

"Kò já. Bíi ti ọjọ́ yẹn."

"Ṣé kí a pe Ghassen?"

"Kó wá sọ níwájú ẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́? Wò ó. Bí ẹni tó ń dúró kí n ṣubú ló ṣe ń wò mí."

Ọ̀já náà tún gbọ̀n níbi tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà rí i, awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń mì. Ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ balẹ̀, ó sì ti yí rọ́dà náà sísàlẹ̀ pátápátá.

Si Tijani ní kí wọ́n pín ṣáì kí òun tó sọ̀rọ̀. Mbarka fi ìdí súìṣì sílẹ̀, ó gbé ọpọ́n, ó ń lọ láàárín àwọn èèyàn. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ níta. Ó wà láàárín gbọ̀ngàn gan-an nígbà tí iná ṣẹ́jú.

Ó kú, ó tàn. Ó kú, ó tàn.

Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀. Gbogbo wa yíjú sórí pèpéle. Si Tijani dúró níbẹ̀, ó ń wo apá ọ̀dọ̀ wa, ó ń retí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. A dúró dè é. Orin ṣì ń lu àtẹ́lẹsẹ̀ wa. Iná tún ṣẹ́jú, ó pọ́n díẹ̀ kó tó mọ́lẹ̀ padà, ẹnì kan níwájú mi sì fọwọ́ tọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó jókòó dáadáa, wọ́n ti pè wá.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni kò wo pèpéle. Ó gbé ọpọ́n dání, ó ń wo súìṣì. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀.

Ó gbé ọpọ́n sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó sì sáré.

Ohun tó bá nínú yàrá ẹ̀yìn, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Omi pupa ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn tó kọjú sí wádì wọlé, ó ti kan etí mátírẹ́ẹ̀sì. Sirin jókòó, ẹnu rẹ̀ là, omijé dé àgbọ̀n. Àpótí funfun wà lórí fèrèsé, ó dákẹ́. Lẹ́yìn fèrèsé, kò rí wádì mọ́, kò rí etídò. Igi ọ̀pẹ déètì kan ń kọjá lọ, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń rìn.

Nígbà tó padà, a kò rí i. Pèpéle ni a ń wò. Ó gba àárín wa kọjá, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tútù tẹ̀ lórí pákó, ó gun pèpéle. Nígbà náà ni gbogbo wa rí i: Mbarka, ó gbá ọmọ mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ là, kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

Ọwọ́ ni ẹnu wa. Tirẹ̀ dí.

Ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan ṣoṣo sọ ọ́, Sirin sì di ìka ọwọ́ náà mú. Ó gbà á kúrò, ọmọ tún dì í mú. Hatem ti dé ìdí pèpéle, ó na apá sókè. Mbarka wo apá méjèèjì náà. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ba, ó sì gbé Sirin lé e lọ́wọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá sófo.

"Wádì ti dé. Mi ò pè yín, iná ló ń kú. Òrùlé ni kẹ́ ẹ gùn. Ẹ má gba ẹnu ọ̀nà, ìta rẹlẹ̀ ju ibí lọ. Ẹ mú àwọn àgbà ṣáájú. Òrùlé."

Iná kú, kò tàn mọ́. Nínú òkùnkùn adití kò lè bá adití sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé ojú wa. Oníkálukú di ẹ̀yìn aṣọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú, a sì ń gùn. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Orin ṣì ń lù nínú omi náà. Mo mọ ìgbà tó dákẹ́.

Lórí òrùlé pẹrẹsẹ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà. Si Tijani ń fọwọ́ kan orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa pé. Ojú títì tí à bá gbà jáde ti di odò, orí ọkọ̀ Hatem nìkan ló hàn.

Hatem jókòó sí igun kan, Sirin lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Mbarka lọ bá a, ó la ọwọ́ fún ọmọ. Hatem yọ òwú kúrò ní etí rẹ̀, ó wò ó, ó jù ú sínú omi. Kò gbé ọmọ náà fún un. Ó fi ọwọ́ kan tọ́ka sí ọ̀já.

"Ó gbọ̀n."

"Ó gbọ̀n," ni Mbarka wí.

"Ẹ wá dín in kù."

"Mo dín in kù torí pé ò ń wò mí."

Hatem wo ilẹ̀. Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀, tí ìka rẹ̀ ń ṣí tó ń padé. Ohun tó sọ níkẹyìn kò kólòlò.

"Èmi tí mo ń gbọ́, òwú ni mo kì bọ etí. Mo mọ̀, Mama. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀ níbí mọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sirin lọ Sfax, nínú ọkọ̀ awakọ̀ mìíràn, lórí itan bàbá rẹ̀. Wided sunkún. Mbarka di búrẹ́dì àti déètì fún wọn, ó fi aṣọ àyà tó fi ń gbé ọmọ náà wé oúnjẹ náà. Hatem ní tí òjò bá ti tán, àwọn á tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Mbarka kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìborùn rẹ̀, kò sì yọ wọ́n jáde fún ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́.

A ti fọ gbọ̀ngàn wa. Ìlà pupa wà lára ògiri, ó ga tó ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ọ̀dà kò lè bò ó. Mbarka ti padà sídìí súìṣì. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́jú báyìí, kò sẹ́ni tó ń wo pèpéle. Òun ni gbogbo wa ń yíjú sí. Ó ní láti gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè fún wa, kí a lè rí i pé òun ló tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀já náà ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Àpótí rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ níbi kan tó jìn sí wa. Lánàá mo jókòó tì í níbi tó ti ń rán aṣọ, ó dá ẹ̀rọ dúró, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ó gbọ̀n?" ni mo bi í.

"Kí ló fẹ́ mú un gbọ̀n?"

Síbẹ̀ ó dìde, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára ògiri. Ojú ọ̀run mọ́ lórí wa. Lápá ìwọ̀ oòrùn, ìkùukùu ti bo àwọn òkè, mi ò rí wọn mọ́. Mo dìde, mo tẹ́ ọwọ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, a sì dúró bẹ́ẹ̀.